Oúnjẹ Tí Mo Dà Sínú Agolo Ológbò

Ó lé ní ogójì ọdún tí màmá mi fi ta ẹja gbígbẹ ní Ẹdẹ. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ fún àlejò pàtàkì, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá, nítorí wọn kì í ta ẹja tí àwọn fúnra wọn kò lè jẹ. Lọ́jọ́ ọjà ìlú Awo, èmi ni mo máa ń ru igbá ẹja tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ ọjà ìlú Ara, bákan náà ni. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Ọrùn á máa ro mí, òórùn ẹja á gba gbogbo irun mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níléèwé á sì máa yẹra fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo kórìíra ẹja nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí màmá mi kọ́ mi nídìí igbá ẹja, kò sí olùkọ́ kan tó kọ́ mi ní ohun tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Wọ́n á mú ẹja àrọ̀ kan, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá rọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kò ní í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n á ṣẹ́ ìrù rẹ̀, wọ́n á fetí sí bó ṣe dún. Wọ́n á ṣí ikùn rẹ̀ wò bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á sì di ojú. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń parí. Ẹja tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó yan án, tí wọ́n wá fi èéfín bò ó mọ́lẹ̀, màmá mi á mọ̀. Èyí tí wọ́n wọ́n oògùn kòkòrò sí kó má baà ní ìdin, wọ́n á mọ̀.

"Bí o bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja tí o ò rí eṣinṣin kan ṣoṣo níbẹ̀, má rà níbẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Eṣinṣin kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí òun bá sá fún, ìwọ náà sá fún un."

Mo dàgbà, mo kàwé, mo di tíṣà, mo sì lọ sílé ọkọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Kò sí ohun tí mo ṣe tó dára lójú ọkọ mi àti ìyá rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá jóná, èmi ni. Bí oyún kò bá dúró, èmi ni. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ni kò dára. "Ìwọ lo bà á jẹ́," ni mo ń gbọ́ láàárọ̀, òun náà ni mò ń gbọ́ lálẹ́, títí èmi náà fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo wá kó ẹrù mi padà sílé, àpò méjì péré ni mo gbé dé. Màmá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò bi mí ní nǹkankan. Wọ́n kàn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ wà nínú àwo. Lọ jẹun, kí o fẹ̀yìn lélẹ̀."

Mo bá ológbò kan nílé. Abo ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun. Màmá mi sọ fún mi pé ìsọ̀ ni ó ti bá àwọn. Ó yọ́ wá sábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ kan, ó jí ẹja gbé. Wọ́n ju bàtà lù ú. Ó tún dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, màmá mi ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ẹja orí igbá, èyí tó dára jù ni ó máa ń mú. Ìyẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó mọ ẹja báyìí, a ò gbọdọ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká gbà á síṣẹ́." Ó sì bá wọn wálé. Músù ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan nínú agbo ilé wa kò fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní ojú ológbò kì í ṣe ojú ẹran lásán. Màmá mi ò gbà fún wọn. Wọ́n ní àlùfáà ti sọ fún àwọn pé ológbò kì í ṣe nǹkan àìmọ́, kò sì burú bó bá gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá.

Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á rẹ orí ẹja sínú omi gbígbóná. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gún ìyókù nínú odó kékeré kan. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà. Ológbò náà á jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, kò ní í ké, kò ní í fọwọ́ kàn án, títí wọ́n á fi sọ pé, "Ó yá, bìsìmílà."

Nígbà tó yá, orúnkún màmá mi kọ̀. Wọn ò lè jókòó lọ́jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́. Wọ́n fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn, ìyá kan tó ti ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti ìgbà èwe àwọn méjèèjì. Ìyá ẹlẹ́dé ni gbogbo wa ń pè é. Bí ẹja kò ṣe wọ́pọ̀ nílé wa mọ́ nìyẹn. Mo wá sọ fún màmá mi pé oúnjẹ ológbò wà tí wọ́n ń tà nínú àpò, pé mo ti rí i ní Òṣogbo, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn adìyẹ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra àpò kékeré kan bọ̀.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Àwòrán ológbò ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Oúnjẹ ológbò ni, Màmá."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Kà á fún mi."

Mi ò tíì kà á. Àwòrán yẹn ni mo wò tí mo fi rà á. Mo yí àpò náà sẹ́yìn, lẹ́tà ibẹ̀ kéré débi pé mo ní láti lọ mú awò ojú mi.

"Àgbàdo," ni mo kà. "Sóyà. Ọ̀rá ẹran. Ohun tó ṣẹ́kù lára ẹran. Ohun tó ń mú un ta sánsán bí ẹja. Àti aró."

"Dúró ná. Àgbàdo ló ṣáájú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹni tó tà á fún mi ní èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú."

"Ṣé adìyẹ ni wọ́n ṣe é fún ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò gbé àpò náà sílẹ̀. "Ohun tó ṣẹ́kù lára ẹran, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Wọn ò sọ ọ́."

"Wọn ò sọ ọ́! Èmi tí mo ta ẹja láti kékeré, bí oníbàárà bá bi mí pé ẹja wo nìyí, tí mo ní ohun tó ṣẹ́kù lára ẹja ni, ṣé ó máa rà á? Òórùn ẹja wà níbẹ̀, ẹja gan-an ò sí. Bu díẹ̀ sínú omi fún mi."

Mo bu ẹ̀kún ọwọ́ kan sínú àwo funfun, mo da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Kò pẹ́ rárá tí omi náà fi pọ́n bí ìgbà tí èèyàn fọ aṣọ pupa tuntun. Ohun tó kù nínú àwo wú, ó rọ̀, ó dà bí búrẹ́dì tí òjò pa. Màmá mi fi ìka rò ó.

"Mi ò rí ẹran tó ń ṣí àwọ̀ rí," ni wọ́n wí.

Ológbò náà wá gbóòórùn rẹ̀, ó sì lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Àwa méjèèjì wá mú ọ̀rọ̀ náà ní iṣẹ́. Mo bá àwọn ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, mo ka ẹ̀yìn àpò títí ojú fi ń dùn mí. Mo wá rí ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹran adìyẹ ni wọ́n kọ ṣáájú, ẹja ló tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ irú ẹja tó jẹ́. Kò ní aró. Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára rẹ̀ kedere. Nígbà tí mo gbé e délé, màmá mi já a, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi èékánná là á sí méjì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n di ojú bí wọ́n ti máa ń ṣe nídìí igbá ẹja.

"Èyí mọ ẹja lójú," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ẹja, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n."

Agolo bisikíìtì ńlá kan wà nílé, tó ní ìdérí tó le. Inú rẹ̀ la máa ń da oúnjẹ náà sí nítorí èèrà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ra àpò tuntun, wọ́n á ní kí n tún un kà fún àwọn látòkè délẹ̀, pé ẹni tó ń ta nǹkan lè yí i padà kó má wí fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ la lò báyẹn, èmi pẹ̀lú awò ojú mi, àwọn pẹ̀lú àwo omi wọn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé kan.

Ó wá di ìgbà òjò kan, oúnjẹ tí a ti yàn yẹn dàwátì. Mo dé ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò tíì dé. Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ níléèwé wa, ìwé àwọn ọmọ kún orí tábìlì mi, ó rẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kejì, mo rí ọkùnrin kan lábẹ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó ya ẹnu àpò ńlá kan sílẹ̀, ó ń fi agolo wọn oúnjẹ inú rẹ̀ sínú ọ̀rá funfun. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti èyí tí à ń rà.

"Ṣé ti ológbò ni?" ni mo bi í.

"Ti ológbò ni, ti ajá ni. Gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Mo ní kó wọn ọ̀rá méjì fún mi.

Nínú ọkọ̀, mò ń ronú bí màmá mi á ṣe ní kí n kà á, tí kò sì sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Nígbà tí mo délé, wọ́n ń kírun àlàásárì lọ́wọ́ nínú yàrá. Mo yára ṣí agolo bisikíìtì náà, mo da oúnjẹ inú ọ̀rá sínú rẹ̀, mo dé e, mo sì ká ọ̀rá náà sínú àpò iléèwé mi láti lọ sọ ọ́ nù. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń múra iléèwé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ṣí agolo. Wọn ò tètè dé e padà.

"Ọmọ mi," ni wọ́n pè mí, "oúnjẹ yìí ń rùn bí òróró tí wọ́n ti fi din àkàrà fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀kan náà ni, Màmá. Òjò tó ń rọ̀ yìí ló mú un bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o kà á?"

"Mo kà á."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sì bu díẹ̀ sínú àwo ológbò, díẹ̀ gan-an. Ológbò náà gbóòórùn rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, èmi ni mo bu púpọ̀ fún un kí n tó lọ síṣẹ́, ebi sì mú kó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni ìyá ẹlẹ́dé wá kí wọn. Wọ́n mú ẹja àrọ̀ ńlá kan wá fún ọ̀rẹ́ wọn, ó gbẹ dáadáa, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Inú màmá mi dùn bí ọmọdé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣẹ́ ìrù rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n yọ eegun rẹ̀, wọ́n gún un fún Músù, wọ́n sì fi ìyókù kọ́ fún ọbẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ológbò náà ò wá síbi àpótí. Ẹ̀yìn ìkòkò omi ni mo ti bá a. Ó ti bì káàkiri, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi, ojú rẹ̀ ti rọ wálẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, kò gbórí sókè.

Mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, inú mi lọ́hùn-ún ti mọ ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì di ìbínú lẹ́nu mi. Màmá mi ti fi ọ̀pá ti ara wọn dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣe é. Mo kọjú sí wọn.

"Ẹja tí ẹ fún un lánàá ni! Ẹ ti dàgbà, Màmá, imú yín ti kú, ẹ ò sì fẹ́ gbà!"

Mi ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wọn rí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mo fẹ́ fi ọwọ́ gbá a mú. Wọ́n wo ológbò náà. Wọ́n wá wo ọwọ́ ara wọn, bí ẹni pé àwọn ń wá nǹkan lára rẹ̀.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Lọ sin ìyókù ẹja yẹn, kí ẹlòmíràn má baà jẹ ẹ́."

Mo gbé ológbò náà sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó. Mo já ẹja náà kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, mo fi ìwé wé e. Mo tún bu ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú oúnjẹ inú agolo. Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń tọ́jú màlúù àti ewúrẹ́ àwọn èèyàn. Bàbá náà fún ológbò ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n wá ní kí n kó gbogbo ohun tó ti jẹ jáde.

Ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹja yìí dára. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ọbẹ̀ ni màá fi sè."

Wọ́n wá mú ẹyọ kan nínú oúnjẹ inú agolo, wọ́n fi abẹ là á, wọ́n gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n ní kí n wò ó. Nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti hù nínú rẹ̀ bí òwú.

"Níbo lẹ ti ra èyí?"

Mo sọ fún wọn.

"Oúnjẹ ajá ni, ó sì ti bu. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó máa wọ̀n ọ́n tà. Bí kò tiẹ̀ bu gan-an, ológbò kì í ṣe ajá, ẹran ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù báyìí." Wọ́n nu ọwọ́. "Ṣé ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ sí i ni?"

"Wọn ò kọ nǹkankan sí i, sà."

"Ìyẹn gan-an ti tó ohun tí ẹ máa kà, tíṣà."

Ní gbogbo ojú ọ̀nà tí mo fi gbé ológbò náà bọ̀ wálé, mò ń to ọ̀rọ̀ jọ. Màá kúnlẹ̀. Màá sọ pé irọ́ ni mo pa, pé ẹja wọn dára, pé imú wọn ò ṣe nǹkankan. Màmá mi ti jókòó dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni dókítà wí?"

"Wọ́n ní nǹkan tó jẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló jáde. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Wọ́n mi orí. "Ọlọ́run á wò ó sàn," ni wọ́n wí. Mo wọlé, mo da gbogbo oúnjẹ inú agolo sínú ihò tí mo gbẹ́ lẹ́yìn ilé, mo fi ọṣẹ fọ agolo náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì yí i dé sínú oòrùn. Wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé ní gbogbo àkókò yẹn. Wọn ò bi mí pé kí ló dé tí mò ń fọ agolo, nígbà tó jẹ́ pé ẹja ni mo sọ pé ó ṣe é.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ológbò náà tó lè rìn káàkiri, ara rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ padà. Ó rù. Omi ló máa ń mu ṣáá. Ṣùgbọ́n ó yè.

Màmá mi ò fún un lóúnjẹ mọ́. Láàárọ̀, ó máa lọ jókòó ti ẹsẹ̀ wọn bó ti máa ń ṣe, ó máa gbójú sókè. Wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á ní, "Lọ bá ọmọ mi. Òun ló mọ̀ ọ́n yàn." Odó kékeré yẹn di ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá ra ẹja wálé, tí mo nà án sí wọn pé kí wọ́n bá mi wò ó, wọn ò ní í gbà á. "Wò ó fúnra rẹ, imú mi ti kú." Wọn kì í fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Bí ìyá ẹlẹ́dé bá gbé edé wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé kí òun ra púpọ̀ nínú rẹ̀, bí mo bá wà nílé, wọ́n á ní, "Bi ọmọ mi."

Mo fẹ́ sọ fún wọn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń sọ pé òní ni. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní, mo ní, "Màmá, ní ti oúnjẹ ológbò ìjọ́sí…"

"Ó ti kọjá, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé wọ́n dá mi dúró. Ìdúpẹ́ yẹn ni n ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ṣàìsàn. Ibà ni a pè é, kí a tó mọ ohun tó jẹ́, ó ti bọ́. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dákẹ́, wọ́n sì sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú nígbẹ̀yìn. Ó ti tutù kí n tó gbà pé ó ti tutù.

Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyá ẹlẹ́dé wà pẹ̀lú wa lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń dáná. Àlejò ti ń lọ. Ológbò náà jáde síta, mo sì lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Àpò tuntun ni, mo dúró kà á látòkè délẹ̀ kí n tó já a. Ìyá ẹlẹ́dé ń wò mí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, omi sì bọ́ lójú wọn.

"Ìyá rẹ ló kọ́ ọ," ni wọ́n wí. "O ti wá ń ṣọ́ra gan-an, láti ìgbà tí èyí tó wà nínú ọ̀rá yẹn ti fẹ́ pa á."

Ọwọ́ mi dúró. "Èwo nínú ọ̀rá, Màmá?"

"Èyí tí o rà tí kò lórúkọ. Ìyá rẹ sọ fún mi, ó ní òun rí ọ̀rá náà nínú àpò iléèwé rẹ. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tí òun ṣí agolo ni òórùn rẹ̀ ti gbá òun nímú. Mo ní, kí ló wá dé tí o ò da á nù? Ó ní ìwọ sọ pé o kà á, òun ò sì fẹ́ pè ọ́ ní òpùrọ́ lójú ara rẹ. Ó rò pé ẹranko náà ò ní í jẹ ẹ́ ni."

Wọ́n ń fọ àwo lọ, wọn ò gbójú sókè.

"Mo tún bi í pé, nígbà tí ọmọ rẹ wá sọ pé ẹja mi ni, kí ló dé tí o gbà? Ẹja tí èmi fọwọ́ ara mi yàn! O mọ ohun tó wí fún mi? Ó ní, 'Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi sọ fún ọmọ yẹn pé òun ló ba nǹkan jẹ́. Kò ní í gbọ́ ọ nínú ilé tèmi.'"

"Imú wọn ńkọ́?" ni mo bèèrè. "Wọ́n ní imú àwọn ti kú."

"Imú ta ni? Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àìsàn rẹ̀, mo gbé edé wá fún un, o wà níléèwé. Ó ní kí n dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi, pé wọ́n ti po ti àtijọ́ mọ́ ọn. Òótọ́ sì ni."

Mo jókòó sórí igi ìdáná. Ológbò náà jẹun tán, ó lá àwo, ó sì wọlé lọ sí yàrá tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Dókítà ní omi ni kó máa pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà mò ń se ẹja fún un, mo sì ń fi díẹ̀ nínú ti inú àpò kún un. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, bí ẹran tó lórúkọ kò bá ṣáájú lára àpò, mo ń gbé e sílẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i bá ti parẹ́, tàbí tí ẹnu àpò náà ti ṣí tẹ́lẹ̀, mo ń gbé e sílẹ̀. Bí mo bá délé, mo ń là á, mo ń rẹ ẹ́ sómi, mo ń di ojú gbóòórùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n tó màmá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra ohun tó dára lójú mi, tí ológbò kọ̀ ọ́, tí mo sì wá rí i lẹ́yìn náà pé òun ló jàre. Mo da méjèèjì nù.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́dé nísọ̀. Mo ti pinnu pé màá sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan kí n tó ya wèrè. Mo jókòó sórí àpótí tí màmá mi máa ń jókòó sí. Mo sọ bí mo ṣe da oúnjẹ sínú agolo nígbà tí wọ́n ń kírun. Mo sọ àwọn irọ́ tí mo pa. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ṣa pàǹtírí inú edé lọ. Wọ́n ti mọ ìyẹn. Mo wá sọ ohun tí mo wí fún màmá mi lẹ́yìn ìkòkò omi, bí mo ṣe wí i gan-an.

Ọwọ́ wọn dúró nínú edé.

"O sọ fún un pé imú rẹ̀ ti kú?"

"Mo sọ ọ́, Màmá."

Ẹnì kan wá bèèrè edé, wọn ò dá a lóhùn, ẹni náà sì kọjá lọ.

"Kò sọ ìyẹn fún mi," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i ló máa ń sọ fún mi láti kékeré wa. Ìyẹn, kò sọ ọ́."

Mo sunkún níbẹ̀, lójú ọjà. Wọn ò ní kí n má sunkún, wọn ò sì sọ pé kò sí nǹkankan. Nígbà tó ṣe, wọ́n yan ẹja mẹ́ta nínú igbá wọn, wọ́n fi ìwé wé e, wọ́n gbé e lé mi lórí itan.

"Máa lọ sílé," ni wọ́n wí. "Òjò ti ń bọ̀."